Ìdérí Iná Tí Màmá Mi Kò Jẹ́ Kí N Tú

Tábìlì ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ìsinmi ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ti bẹ̀rẹ̀, mo ti Lọ́kọ́ja dé Kàbà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, mo gbé báàgì mi wọ pálọ̀ màmá mi, bí mo ṣe ní kí n jókòó báyìí, gbàgà! eegun ojúgun mi kọlu etí tábìlì. Mo pariwo. Mo táràrà dé ara ògiri, mo tẹ ibi tí a ti ń tan iná. Kò tàn. Iná sì wà o, torí mo ń rí ilé tó kọjú sí wa tó mọ́lẹ̀ yanran.

“Màmá, láti ìgbà wo lẹ ti ń jókòó sínú òkùnkùn?”

“Òkun o, ọmọ mi,” ni màmá mi fi ìkíni Kàbà dáhùn láti orí àga wọn, bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. “Ọ̀nà ńkọ́?”

Àtùpà kékeré kan tí wọ́n ń gba iná mọ̀nàmọ́ná sí ló wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju kí èèyàn fi rí ìka ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní gílóòbù pálọ̀ ti kú, ó ti tó oṣù méjì. Oṣù méjì! Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ìgbòkègbodò ẹsẹ̀ kò rọrùn fún mọ́, ló ń táràrà láàárín àga àti tábìlì láti oṣù méjì. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ojúgun tó ń dùn mí.

“Kí ló dé tí ẹ ò pe oníná tó wà ní òdìkejì títì?”

“Kì í ṣe iṣẹ́ oníná. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò tú ìdérí tó bò ó.”

“Ẹ̀gbọ́n mi wo?”

“Ẹ̀gbọ́n mélòó ni mo bí fún ọ?”

Èdè Owé ni màmá mi ń sọ, èdè Kàbà gan-an bó ṣe rí lẹ́nu àgbà. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo wa yóò fi gbọ́ ni. Àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ tí yóò fi le tó bó ṣe le lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn tí mo jẹun tán, mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti sọ fún un. Wọ́n ní àwọn ti sọ, lórí fóònù, nígbà méjì. Ó ní kí wọ́n pe oníná. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìwo ojú mi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ orí ẹsẹ̀ wọn.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìdérí iná yìí ṣe di ọ̀rọ̀ àkọ́bí nílé wa. Olùkọ́ ni bàbá mi. Gbogbo nǹkan ilé ló pín bí ẹni pín iṣẹ́ fún ọmọ kíláàsì. Àwa méjì la wà. Ohunkóhun tó bá ga ju àtérígbà ẹnu ọ̀nà lọ, ti ẹ̀gbọ́n mi ni: páànù tó ń jò, òwú aláǹtakùn, iná. Láti àtérígbà dé ilẹ̀, tèmi ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ oko ẹnìkejì. Mo lè máa wo òwú aláǹtakùn títí tí yóò fi dà bí aṣọ, mi ò ní gbé ìgbálẹ̀ sókè sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni, kó wá ṣe é. Àní nígbà tó wà ní ilé ìwé gíga, bí gílóòbù bá kú, a ó máa fi láńtánì ríran títí tí yóò fi dé.

Òun náà ló ra ìdérí yẹn. Ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ló gbé e wálé. Gíláàsì funfun bíi wàrà ni, ó fẹ̀ tó abọ́ ìfọwọ́ ńlá, wọ́n fi ọ̀dà ya ewé tútù yí etí rẹ̀ ká. Orí itan ló gbé e lé láti Kàdúná dé Kàbà, nínú bọ́ọ̀sì, kó má bàa fọ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, kò lè na ẹsẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó gbé e kọ́ ni yóò máa tú u. Bó ṣe di òfin nìyẹn.

Èmi ni mo máa ń di àpótí mú fún un. Lórí tábìlì la máa ń gbé àpótí lé, òun á gùn ún, á tú nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó di ìdérí náà mú, á ní, “Ṣí ọwọ́.” Á jù wọ́n sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?” Mẹ́ta. “Tó bá di méjì, ìta lo máa sùn.” Ọdọọdún ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọdọọdún ni mo ń bínú sí i, inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀.

Wàyí o, ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ tí a máa sin bàbá mi, a retí ẹ̀gbọ́n mi títí, a ò rí i. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Àwọn àgbà ní oòrùn ti ń lọ, òjò sì ṣú, kí a máa ṣe é. Àkọ́bí ló yẹ kó kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Wọ́n na ṣọ́bìrì sí mi. Èmi! Mo da iyẹ̀pẹ̀ lé bàbá mi lórí, mo gbọ́ bó ṣe dún lórí pákó, mi ò lè gbàgbé ìró yẹn títí n ó fi kú. Ìgbà tí wọ́n ti bo ilẹ̀ tán, tí àwọn èèyàn ti ń jẹun, ni ẹ̀gbọ́n mi yọ sí ẹnu ọ̀nà, eruku láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wò ó. Mo yíjú sí àwọn èrò, mo sì fi ohùn rara sọ pé:

“Ẹ kí àlejò!”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àkọ́bí, nínú ọgbà bàbá rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bo bàbá rẹ̀, lójú ará àti ọ̀rẹ́, kí àbúrò rẹ̀ pè é ní àlejò! Àǹtí kan láti Ògìdì ju ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, “Háà, ọmọ yìí!” Ẹ̀gbọ́n mi lọ kúnlẹ̀ síbi sàréè, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, kò fẹnu kan omi, ó bá ọ̀nà tó bá wá padà. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rin, kò tẹ ẹnu ọ̀nà wa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pe màmá mi lórí fóònù. Bí wọ́n bá ní kó wálé, á ní iṣẹ́ pọ̀.

Màmá mi kò bá mi sọ ọ́ rí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé òun ló pẹ́, kì í ṣe èmi. Mo sọ ọ́ títí ó fi rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, màmá mi lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, mo ní ẹ jọ̀wọ́, ìwà òmùgọ̀ yìí ti tó. Mo ti ra gílóòbù tuntun láàárọ̀. Mo gbé àpótí lé tábìlì, mo di ìró mi ní àmùrè, mo gùn ún. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún mi ń ké, èmi gan-an ń ké. Mo mú ẹ̀mú bàbá mi dání, torí mo rò pé àwọn nọ́ọ̀tì yẹn á ti dógùn-ún. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n rọ̀. Mo tú èkíní. Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti fún ẹni tó ń di àpótí mú, kò sí ẹnì kankan. Mo fi nọ́ọ̀tì náà sẹ́nu. Mo fi èkejì sẹ́nu, mo fi ẹ̀kẹta sí i. Ẹnu mi korò. Níbẹ̀, lórí àpótí, pẹ̀lú irin lẹ́nu, ni àárò ẹ̀gbọ́n mi ti sọ mí. Mi ò parọ́ fún ara mi mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ kó ní ìta ni mo máa sùn.

Mo sọ ìdérí náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eruku wà nínú rẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀sùnsùn, àwọn kòkòrò abìyẹ́ tó máa ń tú jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọńlé kan sì ti gbẹ sínú rẹ̀ bí ewé. Mo gbé e sí orí àga. Mo padà sókè, mo di gílóòbù náà mú kí n yí i kúrò. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, wàì! iná tàn sí mi lójú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ti gbàgbé pé ibi ìtanná tí mo tẹ̀ lálẹ́ àná, mi ò pa á. Iná wọlé, ó jáde, ó wọlé, bí mo ṣe ń mi ọwọ́. Gílóòbù kò kú. Ẹnì kan ló yí i sílẹ̀ díẹ̀, kó má bàa kan ibi tí iná ti ń wọlé.

Màmá mi ò lè gun àpótí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo pa iná, mo ré títì kọjá lọ bá oníná. Ọkùnrin náà ti ń tún iná àdúgbò wa ṣe láti ìgbà ayé bàbá mi. Bí mo ṣe bi í, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

“Àǹtí, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o. Màmá ló pè mí. Wọ́n ní kí n tú gílóòbù sílẹ̀. Mo ní, Màmá, iná yìí ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kí n tú u. Mo tú u. Mo wá ní kí n bá wọn nu ìdérí yẹn nígbà tí mo ti sọ ọ́ kalẹ̀, torí ó dọ̀tí. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó máa nù ún ń bọ̀.”

“Wọ́n sọ ẹni náà fún yín?”

Ó wò mí. “Àǹtí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.”

Ojú tì mí. Mo ré títì padà sílé. Ìyá arúgbó kan pa iná ara rẹ̀, ó jókòó sínú òkùnkùn fún oṣù méjì, kó lè rí ohun tí yóò fi pe ọmọ rẹ̀ wálé láìbẹ̀ ẹ́, láìdárúkọ ìjà, láìdá mi lẹ́bi. Ọmọ náà sì ní kí wọ́n pe oníná. Wọn ò sì pè é. Wọ́n ń dúró. Ta ni wọ́n ń dúró dè? Mo wọ pálọ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ilé yìí mọ́ ọn, èmi nìkan ló lè ṣí i.

Mo tún gun àpótí. Mo yí gílóòbù náà sílẹ̀ bí mo ṣe bá a. Mo gbé ìdérí padà pẹ̀lú eruku rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ àti ọmọńlé rẹ̀. Mo fi nọ́ọ̀tì mẹ́ta dè é. Mo nu àmì ẹsẹ̀ mi kúrò lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà mo mú fóònù, mo jáde lọ sábẹ́ igi kajú lẹ́yìn ilé.

Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún pè.

“Ta nìyẹn?”

Ó ti pa nọ́ńbà mi rẹ́. Ó gún mi, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? “Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá.”

Ohùn rẹ̀ yí padà. “Kí ló ṣe Màmá?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe Màmá. Iná pálọ̀ ló kú.”

“Mo ti ní kí wọ́n pe oníná.”

“Oníná ò lè tú u.”

“Kí ló dé?”

Mo fẹ́ wí àwíjàre, mo ti kó o jọ sẹ́nu, bí ìṣe mi. Mo gbé e mì. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé kajú gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí mi. “Bọ̀ọ̀dá, mo ṣẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Ẹ má bínú. Èmi ni wọ́n fún ní ṣọ́bìrì. Mo ń da iyẹ̀pẹ̀, mo ń wo títì, mi ò rí yín. Ẹ̀rù bà mí ni. Ẹ dákun, ẹ má fi tèmi fi ìyà jẹ Màmá.”

Mo ń gbọ́ mọ́tò tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Tírélà méjì ló dábùú ọ̀nà,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ká tó dé Ọ̀bájánà. Ọkọ̀ kankan ò lè lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn. Mo rìn títí bàtà fi bó mi lẹ́sẹ̀, kí n tó rí ọ̀kadà.”

“Mi ò mọ̀.”

“O ò bèèrè.”

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́rin, mi ò bèèrè. Ẹkún ni mo ń sun. Òun náà fa ikun imú.

“Gílóòbù yẹn, eléyìí tí wọ́n ń tì wọlé ni àbí oníyíyí?”

“Oníyíyí ni, Bọ̀ọ̀dá.”

“Ó dáa,” ló wí, ó sì pa fóònù.

Mi ò sọ fún màmá mi. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ yí ọkàn padà. Ní Sátidé, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Mi ò mọ̀ pé irun rẹ̀ ti funfun! Ó gbé àpò dáńkálì kan, ìyẹn ọ̀dùnkún, lé èjìká, kílíṣí ẹran gbígbẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó dúró níwájú ilé bàbá wa bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo ní, “Ẹ káàbọ̀ sílé yín, Bọ̀ọ̀dá.” Ó gbé mi dìde. Màmá mi ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n di férémù mú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ kò ju “Òkun o. Òkun o, ọmọ mi. Òkun o” lọ.

Wọn ò jẹ́ kó jókòó pẹ́. Wọ́n ní kó wá wo iná. A gbé àpótí lé tábìlì, ó gùn ún, mo dì í mú. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi lọ́wọ́, kò bèèrè iye rẹ̀. Ó nu ìdérí náà tán pẹ̀lú sínglẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí gílóòbù. Ó ti tẹ ibi ìtanná láti dán an wò kó tó gun àpótí, kò sì pa á. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, ó tàn, ó kú, ó tàn.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó bojú wolẹ̀ wo màmá mi. Màmá mi ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri bí ẹni tó ń ka ìwé mímọ́. Ó wò mí. Mo wo nọ́ọ̀tì ọwọ́ mi.

Ó yí gílóòbù náà kúrò pátápátá, ó mì í létí, ó mi orí. “Ó ti jó,” ló wí.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni màmá mi wí.

Ó yọ tuntun nínú àpò rẹ̀, ó yí i wọlé. Ilé mọ́lẹ̀. Mo rí ojú màmá mi dáadáa lábẹ́ iná pálọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo dé, mo rí bí wọ́n ṣe rù, mo rí ibi tí omijé ti gbẹ sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ pè é, ó ní láti padà sí Kàdúná. A sìn ín dé ìdí mọ́tò. Màmá mi di etí ilẹ̀kùn mọ́tò mú, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n gbàdúrà fún ọ̀nà, àdúrà tán, wọn ò yọwọ́. Ó ti tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀.

“Iná ilé ìdáná náà,” ni wọ́n wí. “Kò tíì kú o. Àmọ́ ó jọ pé yóò kú kó tó di Kérésìmesì.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé iwájú orí lé ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ìdarí ọkọ̀ mú. Èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Màmá,” ló wí, “ẹ má jẹ́ kí oníná fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló fẹ́ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án?” ni màmá mi dáhùn, wọ́n sì yọwọ́ lára ilẹ̀kùn.